Ìlà Tó Ń Dá Rìn

Bọ́tìnnì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì ìyá mi fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò kékeré. Pupa ni. Èmi ni mo rà á, èmi náà ni mo so ó mọ́ ẹ̀rọ orin tí mo gbé sí yàrá rẹ̀ ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, orin á dúró. Bí ó bá tún un tẹ̀, orin á máa lọ. Bọ́tìnnì náà kò ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé ìka kan péré tí ó ṣeé fọkàn tán ni àrùn rọpárọsẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àti ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà ni "Ó dáa." Bí ebi bá ń pa á, ó dáa. Bí omi ìwẹ̀ bá gbóná jù, ó dáa.

Ìyókù wà lọ́wọ́ mi. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ojú-ewé kan wà ní ṣíṣí nínú aṣàwákiri orí kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá ń lọ sílé, n kì í pa á. Láti orí rẹ̀ ni mo ti ń yan orin fún ìyá mi, tí mo ń gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àkọlé orin wà lókè. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń kún láti òsì sí ọ̀tún bí orin ṣe ń lọ. Lábẹ́ ìlà náà ni a ti ń rí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "Ń lọ" tàbí "Ó dúró."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí ohun kan tí n kò kọ́ ìyá mi. Bí orin tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á yí sí "Ó dúró", kò sì ní pẹ́ tí á fi padà sí "Ń lọ". Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi so ìlà tẹlifóònù pọ̀ fún àwọn ènìyàn ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa. Ó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹni tí ó wà ní òdìkejì mọ̀ pé ìlà ti wọlé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi orin ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ̀sán, àti kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì. Ó ń dáhùn. Oṣù mẹ́fà ni a fi sọ̀rọ̀ báyìí.

Ní oṣù mẹ́fà náà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àrùn náà kọ lu ìyá wa, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú igbó kan, à ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Mo parí iṣẹ́ náà kí n tó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó sì wo ẹrẹ̀ tí ó wà lára bàtà mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá awọnlẹ̀. Ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ pé? Kò dín?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Ilẹ̀ kì í sá lọ. Ìyá ló ń lọ."

Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbé ẹ̀rọ orin náà dé ilé rẹ̀. Aránṣọ ni, yàrá tí ó ti ń ránṣọ kọjú sí yàrá tí ó tẹ́ ìyá wa sí. Mo ń so wáyà, ó dúró lẹ́yìn mi, tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí ni eléyìí máa ṣe?"

"Á jẹ́ kí n máa mọ gbogbo nǹkan tó bá ń lọ nínú yàrá yìí."

"Láti ọ́fíìsì ẹ?"

"Láti ọ́fíìsì mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ò tiẹ̀ nílò àtiwá mọ́ nìyẹn."

Mo so wáyà tí ó kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa parí sí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé rẹ̀ kò lágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà tí ó wà lójú-ewé mi máa ń dúró, á tún fò síwájú, á tún dúró. N kò fẹ́ràn àtimáa wò ó. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í wọn gbogbo ibi. A ó wọn àmì kan, a ó wọn èkejì, a ó sì fi ìṣirò kún àárín wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú-ewé náà. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí kò bá gbọ́ ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ orin, kí ó máa fi aago ara rẹ̀ ka ìṣẹ́jú lọ, kí ó sì bọ́ sí orin tí ó kàn bí àkókò bá tó. Láti ọjọ́ náà ni ìlà ti ń rìn geere.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo fi orin ọ̀sán ránṣẹ́, ìyá mi kò dáhùn. Ìlà ń rìn. Mo rò pé ó sùn ni. Orin ìrọ̀lẹ́, kò dáhùn. Ní Ọjọ́rú, mo rò pé bóyá kò gbọ́ ọ dáadáa, mo sì gbé ohùn sókè. Ní Ọjọ́bọ̀, mo rò pé orin náà ni kò wù ú, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, n kò fi orin ọ̀sán ránṣẹ́ mọ́.

Mo wá inú ara mi wò fún ìbẹ̀rù tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, n kò rí i. Mo ya àwòrán ilẹ̀ mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo jẹun ní àsìkò. Bí mo bá gbé ojú sókè, ìlà náà ń rìn, mo sì gbà pé ẹni tí orin rẹ̀ ń lọ ṣì wà láàyè. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣí i. Mo mọ ohun tí yóò bi mí: ṣebí mo ní mò ń rí gbogbo nǹkan.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wa dákẹ́ láti àárọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi àwòrán ránṣẹ́ tàbí kí ó gba ìwé kankan. Bàbá Rúlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ọ́fíìsì. Òun ni ó dàgbà jù nínú wa; ó ku ọdún kan fún un kí ó fẹ̀yìn tì, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa fi ń yàwòrán, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí rúlà onígi kì í sí nínú àpò àyà rẹ̀.

"Awọnlẹ̀, iṣẹ́ lò ń ṣe? Ta lo fẹ́ fi hàn pé ọ̀lẹ ni àwa tó kù?"

"Mò ń parí nǹkan kan ni, bàbá."

Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi orí rúlà kan ojú kọ̀ǹpútà mi.

"Ṣé kì í ṣe pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ? Àbí wọ́n fi tìẹ sílẹ̀ fún ẹ?"

"Ó ti lọ, bàbá."

"Kí ló wá ń rìn níbí yìí?"

"Orin màmá mi ni."

"Màmá ẹ wà nínú ilé yìí?"

"Rárá, bàbá. Wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ibí ni mo ti ń bá wọn yí orin."

"Tí ìlà bá ti já, báwo ni èyí ṣe mọ ibi tí orin dé?"

"Ó ń ṣírò ni."

"Ó ń ṣírò." Ó yọ rúlà kúrò lójú kọ̀ǹpútà. "Látìgbà wo?"

N kò mọ̀. Ó wò mí, ó tún wo ìlà náà. Ó ń rìn geere.

"Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ó ní, "ọ̀gá wa kan wà tó máa ń jókòó sábẹ́ igi, á ní òun ti wọn ilẹ̀. Àwòrán ẹ̀ ló máa ń mọ́ jù." Ó fi rúlà padà sínú àpò. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ yìí."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Mo ní kí ojú-ewé náà ṣí ara rẹ̀ lákọ̀tun. Ó di funfun, lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tí èmi fúnra mi ti kọ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí n kò sì rí i rí: "Ẹ̀rọ orin kò sí lórí ìlà. A gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni. Mo ti kọ ọ́ pé kí ojú-ewé máa ṣírò. N kò kọ ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ dẹ́kun. Bí ẹnikẹ́ni bá mú irú àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa, a ó dá a padà fún un.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbé e. Ọkọ̀ tí ó ń lọ sí ìlú rẹ̀ ti lọ tán ní ọjọ́ náà. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo lọ sílé, mo sì sùn. Mo kọ ọ́ síbí pé mo sùn, nítorí pé òótọ́ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo dé. Láti ojú pópó ni mo ti gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kú kò ní máa ránṣọ. Ìṣirò ni ìyẹn náà.

Kò dìde nígbà tí mo wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ kúulé, ẹ̀gbọ́n."

"Ọjọ́ kọkànlá rèé," ó ní.

"Mo pè yín lánàá."

"Mo rí i. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ ṣì ń rìn."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní yàrá. Wọlé lọ wò wọ́n. Àbí o fẹ́ dúró níta, kó o máa tojú fèrèsé wò wọ́n bó o ṣe máa ń ṣe?"

Mo wọlé. Bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ kan tí n kò mọ̀ wà lábẹ́ ìyá mi. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń kùn, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó wà lára ògiri yàrá náà. Púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ orin wà nílẹ̀, wọ́n ká wáyà rẹ̀ dáadáa. Ìyá mi fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bọ́tìnnì wà níbi tí mo fi í sí. Ìka ìyá mi kò sí lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán."

"Ó dáa," ni ìyá mi wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lẹ́yìn mi.

"Egbò yọ sí wọn ní bàdí. Nọ́ọ̀sì ní àfi bẹ́ẹ̀dì yìí, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kú tọ̀sán-tòru. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà. Mo yọ tìẹ."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ìwọ lo ní o máa mọ gbogbo nǹkan tó bá ń lọ nínú yàrá yìí. Níbi tó o dúró sí yẹn gan-an lo ti sọ ọ́."

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń kùn.

"Wọ́n tẹ bọ́tìnnì ẹ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wo ẹ̀rọ orin. Wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n gbé ọwọ́ kúrò."

"Ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan ni ọ̀rọ̀ yìí gbà," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n jáde lọ ra ọ̀kan."

Ó lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan bọ̀. Okùn òwú ti lọ́ mọ́ ọn lára.

"Mẹ́ta ló wà lábẹ́ tábìlì mi."

"Látìgbà yẹn?"

"Látìgbà yẹn." Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tó o máa mọ̀. Ọjọ́ kìíní, mo ní, á pè. Ọjọ́ kejì, mo ní, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mo mú ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n dé ẹnu ọ̀nà yìí, mo tún dá a padà."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá so ó, o ò ní mọ̀ láéláé pé ó já rí."

"Màmá ló ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ìyẹn fún. Èmi ni mo wà níbí tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́."

Àwa méjèèjì wo ìyá wa. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo èmi.

"Ó dáa," ó ní.

Mo so ẹ̀rọ orin pọ̀. Mo ṣí ojú-ewé náà lórí fóònù mi, mo sì yan orin tí ó máa ń yá a lára jù láti dáhùn. Orin bẹ́ jáde tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi dijú. Ohùn tí mo gbé sókè ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ orin nínú yàrá náà rí. Fún oṣù mẹ́fà, ìlà nìkan ni mo ń wò. A gbọ́ ọ dé ìparí. Òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ìka ìyá mi kò kúrò níbi tí ó wà.

"Aago méjì ti lù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wá, ká yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wákàtí méjì-méjì ni. Fi ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká wọn. Má fà wọ́n! Awọ wọn ti fẹ́lẹ́. Ṣé pé o ò yí ènìyàn rí ni? Yí wọn bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Mo yí i. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí egbò náà. Ó fẹ̀ tó ìdí ife. Ẹ̀gbọ́n mi fọ̀ ọ́, ó yọ tépù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sókè egbò láìjẹ́ kí ó kàn án, ó sì wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá wà lójú ewé náà. Mo kà wọ́n. Egbò náà ti ń súnkì.

Ó lé ní ogún ìgbà tí mo bá a yí ìyá wa kí n tó padà ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí ó di ìgbà kẹwàá, kò bú mi mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo yọ ìṣirò kúrò nínú ojú-ewé náà. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ó ń fò, ó ń dúró. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣófo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ó ti bàjẹ́," ni Bàbá Rúlà wí nígbà tí ó ń kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Bí ó bá ṣófo kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi. "Wọ́n wà," ni ó máa ń wí, á sì pa fóònù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n egbò kún un. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orin fi ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ìyá mi kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ abẹ́ ìlà yí sí "Ó dúró."

Mo dúró de "Ń lọ". Ìṣẹ́jú kan kọjá. Mẹ́rin kọjá. Àmì tí mo lè tẹ̀ kí orin máa lọ wà níwájú mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo gbé fóònù.

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí kí n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Kí lo rò pé wọ́n máa sọ?"

N kò gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́.

"Ṣé kí n jẹ́ kó máa lọ láti ibí?"

"Èmi lò ń bi? Gbà, bi wọ́n."

Ó gbé fóònù sétí ìyá wa. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, kò sí ẹni tí ó gbé fóònù sí i létí, nítorí pé kò lè fèsì.

"Màmá, èmi ni," mo ní. "Ṣé kí orin máa lọ?"

Mo gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ó dáa," ni ìyá mi wí.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù padà.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mi ò mọ èyí tí wọ́n ní kí n ṣe."

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣé ò ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta?"

"Mò ń bọ̀."

"Tètè wá. Yíyí wọn ní aago méjì ń wọ̀ mí lọ́rùn."

Mo padà sí àwòrán tí mò ń yà, n kò sì fi orin mìíràn ránṣẹ́. "Ó dúró" ni ó wà lábẹ́ ìlà náà ní ọ̀sán. Òun náà ni ó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo pa kọ̀ǹpútà.